Mo Rán Rọ́bà Ẹ́ńjìnnì Mọ́ Inú Tìmùtìmù

Ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ mi fi jókòó lórí ohun tó ń wá kiri. Mi ò pòwe o. Ìdí rẹ̀ gan-an ló fi ń jókòó lé e, láàárọ̀ pẹ̀lú ife tíì, nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi rán an mọ́ ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti bú mi tán kí wọ́n tó ka ìtàn yìí dé ìdajì. Ẹ máa bú mi lọ, èébú kì í lẹ̀ mọ́ni lára. Ohun méjì péré ni mo kábàámọ̀ nínú gbogbo rẹ̀, màá sì sọ wọ́n bí mo bá dé ibẹ̀. Ìyókù, bó bá tún di ọ̀la, màá tún un ṣe.

Inú ọkọ̀ ìgbòkun ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ẹ má rò pé olówó ni wá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun akẹ́rù, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ tòun kiri ayé kí òun tó kú. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ nígbà náà, máṣìnnì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo ta ṣọ́ọ̀bù, mo ta máṣìnnì mẹ́ta, a fi kún tiẹ̀, a ra ọkọ̀ tó ti gbó díẹ̀. Kí n tó gbà, ó ṣe ìlérí fún mi lójú ọmọbìnrin wa.

"Ọdún méjì péré, Aránṣọ mi," ó ní. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn bí ó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. "Lẹ́yìn ọdún méjì, èbúté tó bá wù ẹ́ la máa ju ìdákọ̀ró sí. Ibẹ̀ la máa máa gbé."

Ọmọ wa rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni ẹlẹ́rìí. Ọdún kẹfà la wà nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ ìgbòkun tó dúró jẹ́ẹ́ lórí omi, ẹ lè rò pé fàájì ni. Ẹ wá gbé inú rẹ̀ wò. Kéègì ni a fi ń pọn omi mímu láti èbúté, ọkọ̀ rọ́bà kékeré la sì fi ń gbé e bọ̀. Abọ́ omi kan ni mo fi ń wẹ̀. Omi òkun ni mo fi ń fọ abọ́, kí n tó fi omi tó dáa ṣan án. Ìgbà mẹ́wàá lèèyàn máa fi ọwọ́ fa páńpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ohun tó ṣe tó lọ. Bí ọkọ mi bá sín ní iwájú ọkọ̀, èmi tí mo wà lẹ́yìn ni mo máa ní "pẹ̀lẹ́" láì gbé ohùn sókè.

Àmọ́ nígbà tí a dé èbúté tí mò ń sọ yìí, ara mi sọ̀ kalẹ̀. Òkè yí i ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ sì há, àpáta wà lọ́tùn-ún àti lósì. Omi ibẹ̀ máa ń yí ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ń dín ẹyin láàárọ̀, òkè ni mò ń rí lójú fèrèsé. Tó bá di ọ̀sán, ilé aláwọ̀ yẹ́lò tó wà nídìí afárá ni mò ń rí. Mi ò rìn, ayé ló ń wá bá mi níbi tí mo wà.

Ọkọ̀ bí ogún ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ gbogbo, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Alága, á tan rédíò tí à ń fi bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀, á máa pe ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ iléèwé. Ta ló dé? Ta ló ń lọ? Ta ló nílò kí ni? Ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀ ni obìnrin àgbà kan tó ń dá gbé inú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ológbò méjì ní ìgbòkun òun ti ya. Mo gbé ẹnu rédíò, mo ní, "Màmá, ẹ gbé e wá." Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárín oṣù méjì, ìgbòkun ti kún gbogbo ibi tí à ń sùn. Máṣìnnì mi kan tó ṣẹ́ kù tún ń dún láàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tún wà lọ́kàn mi. Gbogbo ọkọ̀ ló ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí, wọ́n á sì kọ orúkọ èbúté tó jẹ́ ilé rẹ̀ sábẹ́ orúkọ náà. Ọkọ̀ tiwa nìkan ni abẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣófo. Ọkọ mi ní, "Gbogbo ayé ni ilé wa, kí ni mo fẹ́ kọ?" Àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń fọ ìdí ọkọ̀ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibí yìí sọ́kàn. Mo sọ fún un lórí tíì, mo ní, "Ibí yìí ló wù mí. Ìlérí yín ti tó àkókò." Ó ní a máa rò ó. Mo tún sọ nígbà tó ń pààrọ̀ òróró, ó ní èbúté tó kàn lè dára jù báyìí lọ, ṣé kí á má kọ́kọ́ rí i ni? Mo sọ ọ́ nígbà kẹta tẹkúntẹkún. Ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó ní kí n lọ sinmi, ó sì gun orí ọkọ̀ lọ wo ojú ọ̀run. Ó kọ etí ikún sí mi, àmọ́ ó fi ẹ̀rín kọ ọ́, ìyẹn ló sì ń dunni jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ìrìn-àjò, èyí tó máa ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì, lórí ìgbòkun tí mò ń rán lọ́wọ́.

"Ọjọ́bọ̀ la máa lọ," ó ní. "Bá mi pààrọ̀ rọ́bà páńpù."

Rọ́bà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó rí bí òdòdó, ó ní abẹ́bẹ̀ mẹ́fà. Òun ló ń yí nínú páńpù tó ń fa omi òkun wọlé kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná. Tí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì ò lè ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tí ẹ́ńjìnnì ò bá sì ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó lè fi ìgbòkun nìkan gba àárín àpáta méjèèjì yẹn jáde.

Ibi tí páńpù náà wà fún bí ihò eku. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọwọ́ ọkọ mi ò wọ ibẹ̀, tèmi ló ń wọ ọ́. Láti ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ èmi aránṣọ ló fi ń parí iṣẹ́.

Mo dojú bolẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo yọ ti inú páńpù. Abẹ́bẹ̀ méjì ti já lára rẹ̀. Mo mú tuntun nínú páálí. Ó ń dán. Mo dì í mú, mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi dì í mú. Lókè orí mi, mò ń gbọ́ ọkọ mi tó ń súfèé, tó ń ká okùn jọ.

Ọkàn kan ní, fi sí i, obìnrin yìí. Ọkàn kejì ní, ta ló ta ṣọ́ọ̀bù? Ta ló ń gbé kéègì? Ìlérí ta ni?

Mo fi rọ́bà tuntun sí àpò yẹ́rì mi. Mo dá èyí tó já padà sínú páńpù. Mo jáde, mo nu ọwọ́.

"Tuntun yẹn ti sán," mo ní. "Ó ti pẹ́ jù nínú páálí. Mo ti jù ú sómi."

"O jù ú sómi kẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ fi sè?"

Ó káwọ́ lérí. Kò yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tú ojú rírán tìmùtìmù tó wà níbi ìjókòó rẹ̀, mo ti rọ́bà bọ inú fóòmù, mo sì rán an padà. Ẹ wo ojú rírán náà títí di òní, ẹ ò ní mọ̀. Ọwọ́ mi ò kéré nídìí iṣẹ́.

Ó lọ béèrè òmíràn lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta irinṣẹ́ ọkọ̀ ní èbúté. Ọkùnrin náà ní ó di kí òun ránṣẹ́ sí ibi tó jìnnà. Oṣù mẹ́ta kí ó tó dé, afẹ́fẹ́ ìrìn-àjò ti kọjá. Ọkọ mi fajú ro fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó gbà pé a máa lo ọdún náà níbẹ̀. Èmi gbin ata sínú kéègì tí mo gé sí méjì. Mo bá Ìyá Ológbò mu tíì. Mo sùn dáadáa, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Rọ́bà tí a ránṣẹ́ sí dé. Èmi ni mo lọ gbà á, nítorí èmi ni mò ń lọ ra òwú lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ọlọ́jà fi han mí, ó ní, "Ẹ wò ó, òun gan-an ni." Òun gan-an ni. Kí n tó padà sínú ọkọ̀, mo ti ra ọ̀kan tó tóbi jù ú lọ nínú àpótí àtijọ́ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mìíràn, mo ti fi ìyẹn sínú páálí. Èyí tó bá páńpù mu, mo rán an mọ́ ìkejì rẹ̀ nínú tìmùtìmù.

Ọkọ mi ṣí páálí, ó wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wọ ọkọ̀ rọ́bà, ó kọrí sí èbúté. Mo bá a lọ, kí n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa gbà yọ.

"Èyí lo ní ká fi oṣù mẹ́ta dúró dè?" ó ní, ó da páálí sílẹ̀ níwájú ọlọ́jà. "Ṣé ojú wa jọ ojú ọ̀dẹ̀?"

"Baba, mi ò ta èyí fún yín," ni ọkùnrin náà wí. "Èyí tó bá a mu ni mo fún Màmá. Ẹ bi wọ́n léèrè."

Ọkọ mi ò bojú wò mí pàápàá. "Ìyàwó mi kì í parọ́," ó ní. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìwọ ni olè."

Àwọn oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ wo ọkùnrin náà tìfuratìfura. Òun náà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ohun kìíní tí mo kábàámọ̀ nìyẹn, kò sì sí àwáwí lórí rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti tọ́, mo sì dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń pè é lólè.

Ọdún yí po. Afẹ́fẹ́ ìrìn-àjò tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ rọ́bà kankan mọ́. Ó ti bá mẹkáníìkì kan láti ìgboro sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà máa wá ní ọjọ́ Ẹtì láti tú páńpù náà kúrò pátápátá, kó gbé èyí tó rọrùn síbẹ̀. Èyí tí ọwọ́ ọkùnrin lè wọ̀.

"Wàá sinmi," ó ní fún mi. "Ìyà tí páńpù yẹn fi jẹ ẹ́ ti tó."

Mo dúpẹ́. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń jókòó lórí iná? Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba ohun tí mo fi dì í mú kúrò lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́rú ni afẹ́fẹ́ dé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Láti ẹnu èbúté ló ti wá, ibi tí kì í ti í wá. Òkè tó wà lápá ibẹ̀ ló kọ́kọ́ dúdú. Mo ń ká aṣọ tí mo sá jọ lára okùn nígbà tí mo rí i pé ilé aláwọ̀ yẹ́lò ò sí níbi tó yẹ kó wà. Ó ń lọ sẹ́yìn. Ká má tan ara wa jẹ, àwa là ń lọ.

"Ìdákọ̀ró ti tú!" ni mo kígbe.

Ọkọ mi sáré síwájú, ó tú ṣéènì sílẹ̀ sí i. Ìdákọ̀ró ò gbá ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ Ìyá Ológbò ló wà lẹ́yìn wa gan-an, obìnrin náà sì ti jáde, ó gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà tí a fi ń gba ọkọ̀ sílẹ̀ lára ara wọn dání, ó ń ju ọwọ́ sí wa.

Ọkọ mi tan ẹ́ńjìnnì. Ó gbà, ó fà wá síwájú díẹ̀. Mo ń ka ìṣẹ́jú nínú mi. Kò pé mẹ́rin tí èéfín funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ sì ń ké. Ó pa á.

"Páńpù ọ̀dájú yẹn!" ó ní. "Bọ́ síwájú, bá mi di okùn mú!"

Mi ò bọ́ síwájú. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá. Mo mú àlùmọ́gàjí ńlá tí mo fi ń gé ìgbòkun, mo gbé tìmùtìmù, mo sì fi àlùmọ́gàjí gún un níbi ojú rírán tí mo fi ń yangàn. Fóòmù fò káàkiri. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo fa rọ́bà kan jáde.

Ẹsẹ̀ ọkọ mi wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo gbójú sókè. Okùn ló wá mú. Ó wo tìmùtìmù. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Kí nìyẹn?"

"Ohun tí ẹ ti ń wá láti èṣí."

"Níbo lo ti... Ta ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ kúrò lórí àtẹ̀gùn kí n ráyè wọlé."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti èmi, òtítọ́ bá a nígbà tí mi ò tilẹ̀ ráyè tijú. Mo dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń jó bí ààrò. Ọwọ́ mi ń fara kan irin, ó ń jó mi, mò ń tú nọ́ọ̀tì. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo gbọ́ gbàmù tí ìdí ọkọ̀ wa kọlu ọkọ̀ Ìyá Ológbò, mo sì gbọ́ igbe obìnrin náà.

Mo ti rọ́bà wọlé. Mo kígbe pé kó tan án. Ó tan án. Omi tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀ bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnnì gbé wa kúrò, a sì ju ìdákọ̀ró síbòmíràn. Gbogbo rẹ̀ ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ìka Ìyá Ológbò ló há sáàárín ọkọ̀ méjèèjì. Ìka àárín, ọwọ́ òsì. Egungun rẹ̀ dá. Ohun kejì tí mo kábàámọ̀ nìyẹn. Àpá iná wà lọ́rùn ọwọ́ mi títí di òní, mo sì rò pé ó kéré sí ohun tó tọ́ sí mi nítorí ìka yẹn.

 Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi kó gbogbo fóòmù jọ sínú àpò, ó so ẹnu rẹ̀. Ó jókòó sórí pákó.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, rédíò dún.

"Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ọkọ̀," ni Alága wí. "A kú ewu àná. Ta ló ní ọ̀rọ̀?"

Ọkọ mi na ọwọ́ láti pa á. Mo gba ẹnu rédíò mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Èmi ni," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí wọ́n tó bá mi sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì wa ò bàjẹ́. Èmi ni mo gbé rọ́bà rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún kan, torí pé mi ò fẹ́ kúrò níbí. Màmá Ológbò, èmi ni mo dá yín níka. Mo bẹ̀ yín. Ọlọ́jà tó ń ta irinṣẹ́ ò jí nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gbé ọ̀rọ̀ kiri pé olè ni, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo ti parí."

  Ohùn Ìyá Ológbò ló kọ́kọ́ wọlé, tòun ti ológbò tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìka máa jinná," ó ní. "Ìgbòkun mi tó wà lọ́wọ́ ẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà tó máa parí ni mò ń bi ẹ́."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lórí rédíò. Alága wúkọ́, ó ní kí á lọ sórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Mo lọ bá ọlọ́jà irinṣẹ́ náà fúnra mi, mo kúnlẹ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé mi dìde, torí ọmọ dáadáa ni. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá, mo ti dárí jì yín, àmọ́ ẹ máa lọ rajà níbòmíràn." Mò ń ra òwú níbòmíràn títí di òní. Ó jìnnà, mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Nígbà tí mo padà dé, ọkọ mi ti ń dúró dè mí. Ìbínú rẹ̀ ti pọ́n, ó ti jinná.

"O dójú tì mí lójú gbogbo ayé," ó ní. "Lórí rédíò! Mo pe ọmọ ọlọ́mọ lólè nítorí ẹ. Ọkọ̀ lè fọ́, èèyàn lè kú. Kí nìdí tí o ò fi sọ̀rọ̀? Ẹnu lásán, kí o yà á, kí o ní 'mo fẹ́ dúró.' Ṣé mo máa ń na ẹ́ ni?"

"Mo sọ."

"O ò sọ! Kò sọ́jọ́ kan báyìí tí o sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Irọ́! Wò ó, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí ni mo ń kọ." Ó fa ìwé ọkọ̀ yọ ní àjà. Lóòótọ́ ni, kò sí ọjọ́ kan tí kì í kọ ọ́: afẹ́fẹ́, omi, òróró, bátìrì. Ó ṣí i sí ọ̀sẹ̀ tí a dé èbúté náà, ó fi ìka tọ́ ọ, ó ń kà á sókè láti fi mú mi nírọ́. Ó ka ojú ìwé kan. Ó ka èkejì. Nígbà tó dé ibì kan lójú ìwé kẹta, ohùn rẹ̀ já.

Mo gba ìwé náà. Mo ka ìyókù fún un.

"'Afẹ́fẹ́ láti ìlà-oòrùn, kò le. Ìyàwó ní òun fẹ́ kí á dúró síbí. Omi tánkì ku ìdajì.'"

Mo ṣí ewé. "'Mo pààrọ̀ òróró. Ìyàwó tún sọ ọ̀rọ̀ ìdúró. Bátìrì kún.'"

Ìkẹta kúrú jù. Mo rọra kà á. "'Ìyàwó sunkún. Afẹ́fẹ́ dára.'"

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó nù ún, kò sì ní ìdọ̀tí kankan.

"Èmi ni mo kọ ọ́?" ó ní.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi "ẹ" pe ọkùnrin yìí, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ọjọ́ náà, ó já bọ́ lẹ́nu mi.

"Ọwọ́ rẹ kọ́ nìyẹn? Ìwọ lo gbọ́ ọ, ìwọ lo kọ ọ́ sílẹ̀, o sì tún bi mí pé ṣé mo sọ. O kọ mí sáàárín òróró àti omi tánkì. Tí bátìrì bá lọ sílẹ̀, o máa ń dìde. Èmi sunkún, o ní afẹ́fẹ́ dára. Mo bẹ Màmá Ológbò, mo bẹ ọlọ́jà. Ìwọ, mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Bí ìrìn bá ń yún ẹ lẹ́sẹ̀, pe àbúrò rẹ, kí ẹ lọ, kí ẹ bọ̀. Mo ti mú èbúté tó wù mí, bí o ṣe ṣèlérí. Ibí yìí ni."

Mo jókòó sídìí máṣìnnì, mo fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Mo rán ìgbòkun Ìyá Ológbò tán kí n tó dìde.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbé inú ọkọ̀ kan náà láì sọ ju "ó ti délẹ̀" àti "mo ti rí i" lọ. Ibi tó kéré báyẹn, ẹ ò lè bá ara yín jà kí ẹ má fara kanra. Mo ń yà fún un, ó ń yà fún mi. Mo rò pé ó máa sọ pé kí n kó ẹrù mi. Mo ti mọ yàrá tí màá gbà, èyí tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ ọkọ̀ rọ́bà, ó lọ sí èbúté, ó sì padà wá pẹ̀lú agolo ọ̀dà kan àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Kò gun orí ọkọ̀. Ó so ọkọ̀ rọ́bà mọ́ ìdí ọkọ̀ wa, ó dúró nínú rẹ̀, ó ń mì sọ́tùn-ún mì sósì. Mo ń gbọ́ bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń fa ara ọkọ̀ níta, lẹ́yìn ògiri tí mo fara tì. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Nígbà tó wọlé láti fọ ọwọ́, mo bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà, mo wo ìdí ọkọ̀. Sábẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tó ti ṣófo láti ọdún mẹ́fà lé, ó ti kọ orúkọ èbúté yìí. Lẹ́tà kan wọ́, ọ̀dà sì ti ṣàn níbì kan. Mi ò sọ fún un.

Kò bẹ̀ mí o, ẹ má rò pé ó bẹ̀ mí. Ìwé ọkọ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì nígbà tí mo padà gòkè, kálámù sì wà láàárín rẹ̀. Ó ti kọ ti ọjọ́ náà: "Afẹ́fẹ́ láti gúúsù. Mo kun ìdí ọkọ̀. A dé ilé."

Mo mú kálámù náà. Láti ọdún mẹ́fà lé, mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé yẹn rí. Mo kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀, gàdàgbà, kó lè rí i láì wọ gíláàsì:

"Ó ti pẹ́ tí èmi ti dé."